Èrèlé ní Salvador: Bí Ọmọ Yorùbá Ṣe Lè Múra Ìrìn-àjò sí Etíkun Bahia

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé tó mọ́ tán, ariwo iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run ti jí gbogbo àdúgbò Rio Vermelho. Èrò tó wọ funfun àti búlúù ti tò láti ẹnu ilé Yemọja etí òkun dé ojú títì, kálukú pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Láti àwọn ọdún 1920, nígbà tí ẹja wọ́n, ni àwọn apẹja ibẹ̀ ti ń gbé ẹ̀bùn lọ bá Yemọja lójú agbami. Lónìí, ọjọ́ yẹn wà lára àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí, ara rẹ̀ á yá gágá. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó rò pé ilé ìbátan lòun ń lọ kì í fara balẹ̀ múra. Lóòótọ́, àkàrà ń hó nínú epo pupa ní oríta, orúkọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n èdè Potogí ni wọ́n fi ń nájà, físà ni wọ́n ń béèrè ní ibodè, obì tí a fi ń ṣàdúrà kò sì ju èso àjèjì tó lè kó kòkòrò wọ̀lú lọ lójú aṣọ́bodè wọn. Bí àlejò pátápátá ni kí arìnrìn-àjò ṣe múra. Bí wọ́n bá wá gbà á bí ọmọ ilé, èrè nìyẹn.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Ìwé ló ṣáájú: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà, físà Brazil, yẹ́lò káàdì, ìwé òtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Kí ó ya fọ́tò gbogbo wọn sínú fóònù, kí ó sì tẹ ẹ̀dà méjì sórí bébà, ọ̀kan fún àpò tó ń gbé jáde lójoojúmọ́, èkejì fún ìsàlẹ̀ báàgì ńlá. Bí ó bá ti dé òtẹ́ẹ̀lì, ìwé ìrìnnà gidi kò tún ní í bá a jáde mọ́ àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ wọ bàálù.

Lẹ́yìn ìwé, owó. Ẹni tó bá gbé náírà dé Salvador gbé bébà dé ibẹ̀ ni. Real ni owó wọn. Káàdì Visa tàbí Mastercard tó so mọ́ àkáǹtì dọ́là ló dára, kí ó sì jẹ́ méjì láti báńkì méjì, nítorí ẹ̀rọ máa ń kọ káàdì láìsọ ìdí. Kí ó mú dọ́là díẹ̀ dání fún ṣíṣẹ́. Ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀ títí tí yóò fi dé ibẹ̀: láti oṣù Bélú 2020 tí báńkì àpapọ̀ Brazil ti gbé Pix jáde, orí fóònù ni oníṣòwò ńlá àti kékeré ti ń gba owó, títí kan ẹni tó ń ta omi àgbọn létí òkun. Pix kò sì ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò ní àkáǹtì ní Brazil. Nítorí náà, owó wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ tán lápò.

Ìyókù rọrùn. Aṣọ fífúyẹ́, ó kéré tán ìmúra funfun méjì, fìlà tó bo etí, ìpara tó ń dènà oòrùn, nítorí awọ dúdú náà ń jóná, ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, parasítámọ́ọ̀lù, bẹ́líìtì olówó tó ń wọ abẹ́ aṣọ, fóònù olówó pọ́ọ́kú kan fún ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Ihò roboto mẹ́ta ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ní, irin onígun mẹ́rin tí a ń lò ní Nàìjíríà kò lè wọ̀ ọ́, kí ó ra ẹ̀rọ ìsopọ̀ rẹ̀ láti ilé. Iná wọn sì yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, 127 níbì kan, 220 níbòmíràn. Ṣájà fóònù gba méjèèjì, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun, kí ó fi wọ́n sílé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: yíyan ọjọ́

Ọjọ́ Yemọja kì í yẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ni lọ́dọọdún, ì báà bọ́ sí Àìkú tàbí Ìṣẹ́gun. Carnaval ló máa ń sún, nítorí láti ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ní Salvador, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2027, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé, nítorí náà ọjọ́ 4 ni Carnaval yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ọdún Yemọja. Ẹni tó fẹ́ rí méjèèjì lè rí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n owó ilé yóò gun òkè, kò sì ní í rí oorun sùn bó ṣe fẹ́. Ní 2028, ọjọ́ 24 ni Carnaval yóò tó bẹ̀rẹ̀. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí kò tíì débẹ̀ rí: kí ó lọ fún Yemọja, kí ó rin ìlú náà wò ní ìrọ̀rùn, kí ó sì kúrò kí ariwo tó dé. Ẹni tí Carnaval gan-an ń wù, kí ó yí ètò rẹ̀ padà sí òpin oṣù.

Fífọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, tí àwọn kan máa ń rò pé òun náà wà nínú Èrèlé, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ní ti ojú ọjọ́, ooru ló kún inú oṣù yìí. Ọ̀sán máa ń gbóná dé bíi 30 sí 31 lórí ìwọ̀n Celsius, òru kì í sì í tutù ju bíi 24 lọ. Ìgbà òjò ńlá wọn wà láàárín oṣù Igbe sí Òkúdu. Ọ̀wààrà òjò Èrèlé lè ti dá kí ènìyàn tó ṣí agbòjò. Oòrùn ni kí ó bẹ̀rù. Ní àárín oṣù náà, gangan lórí àtàrí ló máa ń dúró lọ́sàn-án, òjìji ènìyàn á sì kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló bójú mu. Ilẹ̀ ń ṣú ní bíi agogo mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ kejì: físà àti yẹ́lò káàdì

Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Brazil wà ní Abuja, ọ́fíìsì kọ́ńsúlù àgbà wọn sì wà ní Èkó. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ó sì ka ohun tí wọ́n kọ síta fúnra rẹ̀ dípò kí ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú ìrìn-àjò gbọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá owó inú àkáǹtì bá iṣẹ́ ẹni mu, àti bóyá ìdí wà tí yóò fi padà wálé. Owó tí wọ́n ṣàdédé dà sínú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tẹ ìwé báńkì máa ń fara hàn kedere. Kí ó má sì san owó bàálù tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó béèrè fún CPF ní àsìkò yìí kan náà. Nọ́ńbà owó-orí àwọn ará Brazil ni, àlejò náà lè gbà á, wọ́n sì máa ń béèrè rẹ̀ níbi tí ènìyàn kò ròtẹ́lẹ̀: ríra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ríra síìmù. Ẹni tí kò bá ní í, kí ó ra eSIM láti ilé.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí wọ́n tó kà á sí. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó títí ọjọ́ ayé. Ọ̀dọ̀ Port Health ni kí ó ti gba káàdì náà lẹ́yìn tó bá gún abẹ́rẹ́ lóòótọ́. Káàdì tí wọ́n ń tà láìsí abẹ́rẹ́ lè gba ènìyàn kọjá lójú òṣìṣẹ́. Kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀nà tí bàálù yóò gbà

Èkó kò ní bàálù tó ń lọ tààrà sí Salvador. Ọ̀pọ̀ ń gba Addis Ababa tàbí Johannesburg dé Guarulhos, pápákọ̀ òfúrufú São Paulo, kí wọ́n tó wọ bàálù abẹ́lé lọ sí Bahia. Ọ̀nà Lisbon wuni lójú, nítorí bàálù ń lọ láti ibẹ̀ sí Salvador tààrà. Àwọn tó ń yàn án nítorí owó tó dínkù máa ń gbàgbé ohun kan: ọmọ Nàìjíríà nílò físà ìkọjá kí ó tó lè pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ òfúrufú àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, kódà bí kò bá ní í tẹ ẹsẹ̀ síta. Ní Èkó gan-an ni wọn yóò ti dá ẹni tí kò ní í dúró.

Ní Guarulhos, báàgì kì í lọ sí Salvador fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé orúkọ Salvador ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Arìnrìn-àjò ni yóò gbà á níbẹ̀, tí yóò gbé e kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè, tí yóò sì tún fi í sílẹ̀ fún bàálù abẹ́lé. Wákàtí mẹ́rin láàárín bàálù méjèèjì kò pọ̀ jù.

Ní ti ẹrù: ẹran, ẹja gbígbẹ, irúgbìn, obì àti orógbó tútù, ewé àti egbò, kí wọ́n wà nílé. Kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni gbé páálí, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ló dì í, bí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í. Ọ̀nà Brazil sí Nàìjíríà jẹ́ èyí tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń ṣọ́ gan-an nítorí kokéènì, wọ́n sì ti mú ọ̀pọ̀ èrò tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí yóò sùn

Fún ọdún Yemọja, Rio Vermelho fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù, nítorí wọ́n máa ń ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin abẹ́lé kò sì dé ibẹ̀. Ilé tó bá wà ní ìrìn ẹsẹ̀ ogún ìṣẹ́jú sí etí òkun, owó ni. Barra sàn fún ẹni tó fẹ́ wẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí Carnaval bá ti bẹ̀rẹ̀, láti Barra dé Ondina ni àwọn ọkọ̀ olórin ńlá ti ń kọjá títí di òru. Kí ẹni tó nílò oorun má dé ibẹ̀ nígbà náà. Santo Antônio Além do Carmo, lókè Pelourinho, ní àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síbẹ̀ láti orí omi.

Kí ó gba ilé ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú, kí ó sì béèrè ohun mẹ́ta pàtó: ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wà, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ wà, ṣé ẹnì kan wà ní ẹnu ọ̀nà lóru.

Láti pápákọ̀ òfúrufú, ọkọ̀ ojú irin abẹ́lé wà, ṣùgbọ́n ẹni tó dé pẹ̀lú ẹrù tàbí lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, kí ó pe Uber tàbí 99. Kí ó ti fi káàdì rẹ̀ sínú áàpù láti ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ Yemọja fúnra rẹ̀

Ní òru tó ṣáájú, wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀bùn Ọ̀ṣun lọ sí Dique do Tororó, adágún omi tí ère òrìṣà tí Tatti Moreno ṣe dúró sí lójú omi láti 1998. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lè lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àti ọkọ̀ tí yóò dúró dè é. Kí ó má dá lọ.

Ní ọjọ́ kejì, agogo márùn-ún àárọ̀ ni kí ó ti wà lórí ìdúró. Ìlà tó kúrú lágogo mẹ́fà lè gba wákàtí mẹ́ta lágogo mẹ́wàá, lábẹ́ oòrùn tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn yóò gba òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò tò ó sínú agbọ̀n ńlá pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ní bíi agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọkọ̀ ojú omi yóò kó gbogbo rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ẹ̀bùn àgbà láàárín wọn.

Òdòdó gidi ló yẹ ní gbígbé, kì í ṣe ti ọ̀rá. Lọ́fínńdà ni kí ó dà sórí òdòdó, kí ó sì mú ìgò rẹ̀ padà. Òòyà oníke àti dígí tí àwọn kan ṣì ń jù sínú omi ń padà wá sí etíkun lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja pàápàá sì ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kó tó gẹ́ẹ́. Bí apẹja kan bá ní òun yóò gbé e wọ ọkọ̀ lọ wo ẹ̀bùn lójú agbami, kí ó ka orí inú ọkọ̀ náà, kí ó ka jákẹ́ẹ̀tì adáàbòbò tó wà níbẹ̀. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, orí àpáta ni kí ó ti wòran.

Ebi yóò pa á. Ní Largo de Santana àti Largo da Mariquita ni àwọn ìyá alákàrà olókìkí ń jókòó sí. Iṣẹ́ wọn ti wà nínú ìwé ohun àjogúnbá Brazil láti 2005. Wọn yóò bi í bóyá ó fẹ́ ẹ «quente». Ata ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe bóyá ó gbóná. Inú àkàrà náà ni wọ́n ń fi vatapá sí, èyí tí wọ́n sábà fi edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti kajú sè. Ẹni tí edé tàbí ẹ̀pà bá ń dà láàmú kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, bó ti wù kó jọ ti ìyá rẹ̀ nílé tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ọjọ́ tó kù

Pelourinho, tí UNESCO ti fi sínú ìwé rẹ̀ láti 1985, gba ọjọ́ kan gbáko. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ìlù àwọn baba wa ni wọ́n ń lù sí Máàsì ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ní ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos. Ẹ̀rọ Lacerda, tó ti ń gbé ènìyàn láti ìlú òkè sí ìlú ìsàlẹ̀ láti 1873, ni kí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mercado Modelo. Kí ó má gba Ladeira da Montanha, òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ti wù kó kúrú tó. Olè ló wà níbẹ̀.

Ilé òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní terreiro, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tìtorí rẹ̀ lọ, Èrèlé sì lè já wọn kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ terreiro ń ti ìlẹ̀kùn ọdún wọn ní àkókò Lẹ́ńtì, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú. Ní 2027, èyí túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ 10, ọdún gbangba yóò ṣọ̀wọ́n. Kí ó kọ̀wé síwájú sí ibi tó bá fẹ́ dé: Casa Branca, ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Brazil dáàbò bò ní àwọn ọdún 1980, tàbí Opô Afonjá tí Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní 1910. Bí wọ́n bá gbà á, funfun ni yóò wọ̀, dúdú kò yẹ rárá. Ọkùnrin ń jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Fóònù kò gbọdọ̀ jáde lápò àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda.

Ẹni tó fẹ́ dé erékùṣù Itaparica, níbi tí àwọn onílé ti ń bọ Egúngún láti ọjọ́ pípẹ́, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Ògún 2017, ọkọ̀ kan tó ń ti Mar Grande bọ̀ dojú dé, ó lé ní ènìyàn márùndínlógún tó kú. Bí ìjì bá wà tàbí tí ọkọ̀ bá kún jù, kí ó dúró de ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò.

Òkun, ibà àti olè

Porto da Barra kọjú sínú ọ̀sà, omi rẹ̀ sì sábà máa ń rọlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, ibẹ̀ ni tirẹ̀, kí omi má sì kọjá ìbàdí rẹ̀. Ìhà Itapuã àti Stella Maris kọjú sí agbami gidi; ìgbì ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ láìpariwo. Bí àsíá pupa bá wà lókè, wíwẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà.

Kò sí ibà ẹ̀fọn tiwa ní Salvador, ṣùgbọ́n dengue wà. Ní 2024 nìkan, àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mú ní gbogbo Brazil lé ní mílíọ̀nù 6. Ọ̀sán ni ẹ̀fọn rẹ̀ ń jẹ ènìyàn, nítorí náà àárọ̀ ni kí ó ti fi ìpara pa ara. Bí ara bá gbóná, tí eegun ń dùn, parasítámọ́ọ̀lù nìkan ni kí ó lò. Aspirin àti ibuprofen lè mú ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹni tí dengue mú. Kí ó sì sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lòun ti wá, torí ibà tó gbé láti ilé lè jí lára rẹ̀ níbẹ̀, dókítà Salvador kò sì ní í rántí yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ aláìsàn ni 192, ọlọ́pàá ni 190.

Olè fóònù ni ewu tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ wo máàpù, kí ó wọ ṣọ́ọ̀bù wò ó. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù tí a fi ń ṣe fáàrí ní òde àríyá, ilé ni kí ó sùn. Bí wọ́n bá yọ ọ̀bẹ, kí ó fún wọn.

Àṣìṣe tí àwọn tiwa sábà máa ń ṣe

Àwọn kan ń ra abadá Carnaval lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lójú títì. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni, kì í ṣe agbádá. Òun ni wọ́n fi ń wọ inú okùn tó yí ọkọ̀ olórin ká, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn mìíràn ń dúró sí Barra ní gbogbo ọjọ́ Carnaval, wọn kò sì mọ̀ pé ní alẹ́ Àbámẹ́ta, Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, ń jáde láti òkè Curuzu pẹ̀lú ẹyẹlé funfun. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Curuzu, kí ó bá onílé lọ.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó jókòó sí ilé òrìṣà, tó gbọ́ orin Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nagô, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe fún àwọn ìyá tó ń kọ ọ́. Wọ́n ti gbé orin yẹn la oko ẹrú kọjá. Kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó tẹ́tí. Bí wọ́n bá bi í léèrè lẹ́yìn náà, kí ó dáhùn.

Ní ìpadàbọ̀, kí yẹ́lò káàdì wà ní ọwọ́, kì í ṣe nínú báàgì tí wọ́n ti kó sábẹ́ bàálù, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní Èkó. Kí ó ti báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì ya nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní fọ́tò. Bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó padà délé, kí ó má kàn ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Kí ó lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó sì sọ fún wọn pé Brazil lòun ti ń bọ̀.